Gígùn Wáásí Kan

Pẹlẹbẹ bàbà keje ń kú lọ. Ràbíátù kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ó kọ́kọ́ rì í bọ omi iyọ̀ nínú ìgò tí ó sì gbé e sí oòrùn lẹ́yìn yàrá ìwádìí, ọwọ́ mítà fò sókè dé ààmì méjìlélógójì, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó délé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sílẹ̀ sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà yìí, mọ́kàndínlógún péré ni. Omi ń jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde, ó fi òwú nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì fi aṣọ wé e.

Ohun tí ó ń wá kò ṣòro láti sọ. Bí a bá fi bàbà sínú iná tó gbóná gan-an, ara rẹ̀ á yọ awọ. Awọ òkè á dúdú bí ìdí ìkòkò. Lábẹ́ dúdú yẹn, awọ mìíràn wà tó pupa bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òun gan-an sì ni oòrùn ń bá ṣiṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á nínú omi iyọ̀, iná mànàmáná díẹ̀ á máa ṣàn gba inú wáyà. Ràbíátù fẹ́ kí díẹ̀ náà pọ̀ sí i títí yóò fi lágbára láti la omi sí méjì, kí èyí tó ń jó bíi gáàsì nínú rẹ̀ lè máa jáde láti inú omi lásán. Nígbà mìíràn tí ìyá rẹ̀ bá ti tò sórí ìlà kẹrosíìnì ní Mọ̀lété láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, Ràbíátù á jókòó tì í, á máa wò ó lọ́kàn ara rẹ̀: ìyá rẹ̀ yóò bu omi láti inú àmù, yóò gbé e sí oòrùn, yóò sì fi omi náà dáná ọbẹ̀. Kò sọ ọ́ jáde rí. Wọn yóò ní ìwé ti dà á lórí rú.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà ló sì wà nílẹ̀ báyìí. Ní Tọ́sìdeè, Àlàmísì tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bertha Èjìdé ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn láti wá dán iṣẹ́ oyè kejì rẹ̀ wò. Dókítà Ọláyíwọlá, ọ̀gá rẹ̀, ti pè é sí ọ́fíìsì.

"Ràbíátù, pẹlẹbẹ mọ́kànlá lo ṣe. Mẹ́wàá nínú wọn kò kọjá ààmì mẹ́jọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló dé méjìlélógójì. Ọ̀kan ṣoṣo kì í ṣe èsì. Màmá yẹn á ní mítà wa ló bàjẹ́, tàbí kí ó ní o parọ́. Ṣe òmíràn tó bá a mu kí wọ́n tó dé. Bí kò bá ṣeé ṣe, yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ."

"Bí mo bá yọ ọ́, sà, kí ló kù nínú ìwé náà?"

Dókítà Ọláyíwọlá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí mo ń bá ẹ sọ nìyẹn."

Ààrò iná mànàmáná tí ẹ̀ka wọn ń lò ti jó wáyà inú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ti kọ̀wé sókè òkun fún òmíràn, ìwé ni ìwé ń jẹ́, wáyà kò dé. Ìdí nìyẹn tí Ràbíátù fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sílé ní Beyerunka, sí ọ̀dọ̀ Fàsásì alágbẹ̀dẹ idẹ, tí ìta rẹ̀ kọjú sí agboolé wọn. Fàsásì kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan ní àdúgbò náà tí kò lè kó gbogbo ohun èlò idẹ ìyá rẹ̀ tì í lọ́wọ́ kí ó tó rìnrìn àjò, kí ó sì padà wá bá a pé. Alámàánà ni wọ́n ń pè é.

Ó ń lu ẹnu bùtà kan tó jò nígbà tí Ràbíátù dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Dókítà Oòrùn! Oòrùn rẹ wà lókè níbẹ̀ yẹn o, a ò tíì tà á."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Gàfárù, tó jókòó ní ẹnu ọ̀nà tó ń pa ẹ̀gúsí, rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò rí ojú ẹ̀? Ràbí, ǹjẹ́ o tiẹ̀ jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà." Kò jẹun. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo tún ń bi yín. Pẹlẹbẹ kan tí ẹ bá mi ṣe tí n kò sí nílé, báwo lẹ ṣe ṣe é gan-an?"

Òòlù Fàsásì dúró. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì yára ju ti tẹ́lẹ̀.

"Bí o ṣe ní kí n ṣe é náà ni mo ṣe é."

"Ẹ ò fi nǹkan kan sí omi tí ẹ rì í bọ̀?"

"Omi wo? Omi ni omi."

"Ẹ ò sì kúrò nídìí ẹ̀?"

"Ràbí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bùtà ló dojú kọ, kò wo ojú rẹ̀. "Gbé bàbà tuntun tó wà lọ́wọ́ ẹ wá, jẹ́ ká tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Fàsásì fẹ́ iná, èédú pọ́n, ó gbé pẹlẹbẹ bàbà lé ojú àpáàdì. Ràbíátù dúró tì í, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo bàbà. Bàbà yí àwọ̀ bí ọrùn àdàbà, ó ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ó pọ́n bí ẹyin iná. Nígbà tí wákàtí kan ààbọ̀ pé, ó ní, "Ó tó!" Fàsásì fi ẹ̀mú mú un, ó rì í bọ omi, omi kígbe ṣáà. Bí ìwé òkè òkun ṣe kọ ọ́ nìyẹn: kí ó kúrò nínú iná kí ó wọ omi lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ó jáde, dúdú ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ọ̀dà. Ràbíátù fi èékánná họ ọ́, kò ṣí. Ó gbé ìgò omi iyọ̀ rẹ̀ sí àárín ìta, ó so wáyà, ó sì wo mítà.

Mẹ́fà.

"Ó ń tijú ẹ ni," Ìyá Gàfárù wí láti ẹnu ọ̀nà. "Gbogbo èyí tí o bá dúró tì, kì í dáa. Èyí tí o ò sí níbẹ̀ nìkan ló dáa. Kúrò lójú rẹ̀, o ò rí i?"

Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá Ràbíátù wọlé, ó sì jókòó tì í lórí ẹní. Kí ni Bàbá ṣe tí kò fẹ́ sọ? Àbí bàbà rẹ̀ ni ó sọnù, tí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó kọ sínú ìwé fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irọ́ ni, òun ni ó sì fọwọ́ sí i. Ó rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Èjìdé lójú inú rẹ̀, obìnrin gíga tí kò rí rí, tó ń ṣí ìwé náà lójú ewé kan, tó ń béèrè pé, báwo ni?

Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Pẹlẹbẹ kìn-ín-ní, ọjọ́ báyìí, iná báyìí. Ìkejì. Ìkẹta. Ní iwájú ìkeje, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, 1987, ó gbé e fún Bàbá ní aago méjìlá kọjá díẹ̀ kí ó tó sáré padà lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́, ó sì gbà á padà ní aago mẹ́rin. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá rẹ̀ tó wà lára ògiri. Gbogbo ọjọ́ ibẹ̀ ni wọ́n fi dúdú tẹ̀, àfi ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ ewé tẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá, àwọ̀ ewé ni.

Jímọ̀.

Ó ti tó ogún ọdún tí Ràbíátù ti ń rí Fàsásì ní ọjọ́ Jímọ̀: kí aago kan tó lù, á ti wẹ̀, á ti wọ aṣọ funfun, á ti forí lé mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, kò sì ní padà títí aago mẹ́ta. Òjò kò dá a dúró rí. Ibà kò dá a dúró rí. Kò sí nídìí iná ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ má fi í sílẹ̀ o," tí Fàsásì sì dáhùn pé, "Lágbára Ọlọ́hun, n kò ní fi í sílẹ̀."

Ó ti rí i báyìí, ṣùgbọ́n rírí rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Kí ni yóò bèèrè, báwo ni yóò sì ṣe bèèrè rẹ̀? Bí ó bá ní, "Bàbá, Jímọ̀ ni ọjọ́ yẹn," ohun tó sọ ni pé, Bàbá, òpùrọ́ ni yín. Lójú ìyàwó rẹ̀. Alámàánà! Bí kò bá sì bèèrè, kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbà náà láàárín aago kan sí aago mẹ́ta, Àlàmísì á sì dé bá a lọ́wọ́ òfo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàrùbá, ojú ọ̀run ti ṣú. Ràbíátù kúnlẹ̀ níwájú ààrò, pẹlẹbẹ bàbà méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí láti ìdájí.

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Mo ti ṣì yín lọ́nà."

Fàsásì wò ó. "Èmi?"

"Ìwé tí mo kà ló tàn mí jẹ. Èmi ni mo ní kí ẹ má fi bàbà sílẹ̀ nínú iná, kí ẹ máa yọ ọ́ sínú omi. Ọ̀rọ̀ mi kò dára. Ó ti hàn sí mi báyìí pé fífi í sílẹ̀ ló yẹ." Ó gbé pẹlẹbẹ méjèèjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bí ẹnì kan bá ti ṣèèṣì fi í sílẹ̀ rí, n kò ní bá a jà. Olóore mi ni ẹni yẹn. Màá kàn bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ mi ni."

Ìyá Gàfárù dáwọ́ ẹ̀gúsí pípa dúró. Fàsásì gbé òòlù sílẹ̀, ó gbé e tán, ó tún gbé e sí ibòmíràn.

"Ràbí."

"Bàbá."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kàlẹ́ńdà ni, Bàbá."

Ìyá Gàfárù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Fàsásì pòṣé sí i, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti wá sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Mo fẹ́ yọ ọ́ kí n tó lọ," ó wí. "Wàláhì. Iná kò tíì pọ́n tó bí o ṣe ní kí ó pọ́n, wọ́n sì ti ń pèrun. Mo ní kí ni màá ṣe? Mo da èédú sí i, mo fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n, mo wa eérú bò ó pátápátá kí iná má baà jáde jó ilé, mo sì sáré. Mo dé Ọjà'ba, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Mo jókòó. Àlùfáà dìde, ó ní lónìí, òun fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí àmàánà."

"Yéè!" Ìyá Gàfárù wí. Ẹ̀gúsí dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ó wáásí, ó wáásí. Ó ní ẹni tí wọ́n fi nǹkan tì lọ́wọ́ tó kúrò nídìí rẹ̀. Mo ń làágùn. Mo ní ta ló ti lọ sọ fún un? Gbogbo ìgbà tó bá nawọ́ báyìí, èmi ni mo rò pé ó ń nà á sí. Ọjọ́ yẹn ni ó pẹ́ jù lọ láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀."

"Nígbà tí ẹ dé ńkọ́?"

"Iná ti kú. Eérú kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo yọ ọ́, ó dúdú láti òkè délẹ̀. Mo ní mo ti bà á jẹ́. Mo wá fi ọwọ́ kàn án báyìí, ni dúdú náà bá ń ṣí fúnra rẹ̀, tá-tá-tá, ó ń fò dànù bí èèpá ojú egbò tó ti jinná. Pupa ló kù nísàlẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e fún ẹ. Mo ní bí o bá pariwo, màá wá bàbà mìíràn fún ẹ." Ó mi orí. "O ò pariwo. Ijó lo ń jó káàkiri agboolé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ mọ́?"

Ràbíátù kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Eérú! Kí ó tutù díẹ̀díẹ̀, kí dúdú òkè àti bàbà ìsàlẹ̀ máa súnkì, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀, títí wọn yóò fi jáwọ́ lára ara wọn. Ó dìde. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Báwo ni ó ṣe pẹ́ tó?"

"Ìrìn lọ, ìrìn bọ̀, ìrun, àti gígùn wáásí yẹn."

Wọ́n fi pẹlẹbẹ méjèèjì sínú iná. Fàsásì da èédú sí i, ó fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n, ó sì wa eérú bò ó. Ràbíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fi igi yẹ ẹ̀gbẹ́ eérú wò.

"Dìde níbẹ̀," Fàsásì wí. "Ojú ẹ ń pọ̀ jù lára ẹ̀. Ó yá, a ti ń lọ."

Bí wọ́n ṣe rìn lọ nìyẹn, wọ́n gba Bẹẹrẹ, wọ́n gba abẹ́ òkè Mápó, Fàsásì níwájú pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, Ràbíátù lẹ́yìn tó ń bojú wẹ̀yìn. Wọ́n jókòó lórí pèpéle kan tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Fàsásì bẹ̀rẹ̀ sí tún wáásí náà sọ fún un, kí àkókò má baà ṣì wọ́n lọ́wọ́, kò sì fo gbólóhùn kan. Ó dà bíi pé láti ọjọ́ náà ni ó ti ń tún un sọ fún ara rẹ̀. Ó ti dé àárín rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí Ràbíátù lọ́wọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ó fò dìde. "Bàbá! Páànù ìsọ̀ yín jò!"

"Ó jò ní apá ibi tí mò ń kó èédú sí. Kò jò lórí ààrò."

"Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ wò ó. Màá kàn wò ó ni."

"Bí o bá dé ibẹ̀, wàá ṣí i."

"N kò ní ṣí i."

"Wàá ṣí i, Ràbí. Mo mọ̀ ẹ́ láti kékeré." Ó tún fi ọwọ́ kan orí pèpéle. "Jókòó. Àlùfáà kò tíì dé ibi àmín."

Ó jókòó. Òjò rọ̀ sí i lára, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ka gbogbo ẹ̀kán rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré lábẹ́ ìró láìkúrò lójú kan. Kò sí iṣẹ́ tó tíì ṣe ní yunifásítì tó nira tó jíjókòó yìí.

Nígbà tí wọ́n padà, eérú gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fàsásì na ẹ̀mú sí i, ó ní kí ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn pẹlẹbẹ méjèèjì jáde ní dúdú. Ràbíátù mú àkọ́kọ́ dání. Nǹkan kan ta lára rẹ̀, tá, dúdú fò sílẹ̀. Ó tún ta. Pupa yọjú.

Ṣùgbọ́n kò sí oòrùn. Ó gbé ìgò jáde, ó so wáyà, ọwọ́ mítà kò mì ju ààmì mẹ́ta lọ lábẹ́ ìkùukùu. Ó dúró tì í títí Ìyá Gàfárù fi wá gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi àwo oúnjẹ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, Fàsásì pè é padà.

"Nínú ìwé tí o máa kọ yẹn." Ó ń wo ilẹ̀. "Má kọ ọ́ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Àlàmísì mọ́, ìkùukùu kò lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bertha Èjìdé kò ga rárá. Obìnrin kúkurú ni, ó wọ bàtà rọ́bà nítorí ẹrẹ̀, ó sì ń ka ìwé àkọsílẹ̀ Ràbíátù ní ìdúró lẹ́yìn yàrá ìwádìí, nígbà tí Dókítà Ọláyíwọlá ń wo ojú ọ̀run, tó sì ń wo aago. Pẹlẹbẹ kẹtàlá wà nínú ìgò. Mítà wà ní mẹ́rin.

"'A wa eérú bò ó,'" obìnrin náà kà á sókè, "'a fi í síkàáwọ́ iná, a sì kúrò nídìí rẹ̀ fún gígùn wáásí kan.'" Ó gbójú sókè. "Wáásí kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ràbíátù na ìka sí ìlà tó tẹ̀ lé e. "Pẹ̀lú ìrìn lọ bọ̀, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Mo wò ó láàgo."

"Bí ó bá jẹ́ ti pásítọ̀ wa ni, bàbà á ti di eérú." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Pẹlẹbẹ kan ló mú ẹ kọ gbogbo èyí. Mo ti dán ọ̀pọ̀ ọmọ wò tó ní pẹlẹbẹ kan."

Ràbíátù gbójú sókè, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣe, ó sì ń bẹ ojú ọ̀run nínú ọkàn rẹ̀ bí a ti ń bẹ àgbàlagbà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ gba orí koríko kọjá wá. Kò pọ̀, ìkùukùu kàn ya díẹ̀ ni. Ó dé ibi ìgò. Ọwọ́ mítà sún, ó sún, ó sì fò. Mọ́kàndínlógójì. Ràbíátù yọ pẹlẹbẹ náà, ó sì fi ìkẹrìnlá sí i. Mẹ́tàlélógójì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Èjìdé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo oòrùn lójú ìgò. Ọwọ́ mítà wálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó gòkè. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ó dúró, ó sì nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀.

"N kò ní fọwọ́ sí i lónìí," ó wí.

Ràbíátù na ọwọ́ láti gba ìwé rẹ̀ padà.

"Mo fẹ́ rí i nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Mo fẹ́ rí alágbẹ̀dẹ yẹn, iná yẹn, àti eérú yẹn. Tí ó bá tún jáde báyìí lójú mi, màá fọwọ́ sí i níbẹ̀. Ọ̀la ńkọ́? Àbí ọ̀la kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn?"

"Ọ̀la?" Ràbíátù ka ọjọ́ lórí ìka. Nígbà tó dé orí Jímọ̀, ó ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí obìnrin náà má baà rí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. "Ọ̀la ló dáa jù, mà. Ká ṣáà ti débẹ̀ kí aago kan tó lù. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè dúró tì í o."

"Kí ló dé?"

"Kò sẹ́ni tó ń dúró tì í, mà. Wọ́n á wa eérú bò ó, wọ́n á sì máa lọ."